Lẹ́tà C Kì Í Ṣe Ṣáínà: Bó Ṣe Yẹ Ká Máa Yan Ẹsẹ̀ fún Píkọ́ọ̀pù

Ní Kòmu, níbi tí mo ti wá, bí èèyàn bá ra píkọ́ọ̀pù tòkunbọ̀, ẹsẹ̀ ọkọ̀ náà ló sábà máa ń kọ́kọ́ pààrọ̀. Kò tíì da ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì nù, kò tíì wo bíréèkì, ó ti ń wá rìímù tó ń dán àti táyà tó fẹ̀ kiri. Mi ò bá ẹnikẹ́ni jà torí pé ó fẹ́ kí ọkọ̀ òun wuyì. Ìrínisí ni ìsọnilọ́jọ̀, àwọn àgbà ló sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ tó ń kó iṣu kì í ṣe ọkọ̀ ìyàwó.

Ohun tí mo fẹ́ sọ nínú àpilẹ̀kọ yìí kò ju méjì lọ. Èkíní, ohun tí wọ́n kọ sára táyà àti rìímù ló yẹ ká fi yàn wọ́n fún ọkọ̀ ẹrù, kì í ṣe fífẹ̀ tàbí dídán tí ojú rí. Èkejì, àwa tí à ń kọ́ ìmọ̀ ẹ̀dá èdè ní ẹ̀bi tiwa nínú bí àwọn èèyàn wa kò ṣe mọ ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní Toyota Hilux àtijọ́ kan, irú èyí tó jẹ́ pé ẹsẹ̀ ẹ̀yìn nìkan ni ẹ́ńjìnnì ń yí, tí nọ́ọ̀tì márùn-ún sì di ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ̀ọ̀kan mú. Iṣu ni wọ́n fi ń kó láti Kòmu lọ sí Ìbàdàn. Bí iṣu bá tán, wọn a kó ẹ̀gẹ́ tàbí àgbàdo. Rìímù irin dúdú ló bá ọkọ̀ náà dé, àkọlé tó sì wà lára táyà rẹ̀ ni 195R14C. Nígbà tí táyà wọ̀nyẹn jẹ tán, wọ́n lọ ra òmíràn. Ẹni tó ń ta táyà ní irú èyí tí wọ́n ń lò gan-an, tuntun sì ni, ṣùgbọ́n ó ní kí wọ́n má rà á. Ó fi ìka tọ́ka sí lẹ́tà C tó wà lẹ́yìn 14. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò rí C yìí? Ṣáínà nìyẹn. Ọjà Ṣáínà ò lálòpẹ́." Ó wá gbé rìímù alumíníọ̀mù mẹ́rin tí wọ́n tú lára Toyota Camry jáde, pẹ̀lú táyà tòkunbọ̀ 215/60R16 lórí wọn. Ihò márùn-ún ló wà lára rìímù yìí náà, wọ́n sì bọ́ sórí ẹsẹ̀ Hilux láìjanpata.

Ọkọ̀ náà dán débi pé àwọn ọmọdé ń tẹ̀ lé e wọ àdúgbò. Èmi gan-an ya fọ́tò níwájú rẹ̀.

Kò pé oṣù méjì. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan nínú ẹ̀ẹ̀rùn, wọ́n ti kọjá Ìṣẹ́yìn, wọ́n ń lọ sí Mọníyà pẹ̀lú ẹrù iṣu, táyà ẹ̀yìn lápá ọ̀tún bẹ́. Ọkọ̀ náà ta sọ́tùn-ún, ó ta sósì, ó wá dojú bolẹ̀ nínú igbó. Ẹ̀gbọ́n mi fara gbọgbẹ́ díẹ̀. Ọmọṣẹ́ wọn tó jókòó sórí iṣu lẹ́yìn ni ọ̀ràn náà dé bá jù. Ọmọ ọdún 19 ni. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ṣẹ́ níbi méjì, títí di bí mo ṣe ń kọ ọ̀rọ̀ yìí, kò tíì lè nà án tán. Àgbẹ̀ ni bàbá rẹ̀, ọwọ́ yẹn sì ni wọ́n gbójú lé fún ọkọ́ àti àdá.

Àwọn ará ilé sọ pé àwọn ayé ni. Àwọn kan ní ọ̀nà ni. Nígbà tí mo délé fún ìsinmi, mo bá táyà tó bẹ́ náà ní ẹ̀yìnkùlé, mo sì bá ọ̀kan nínú àwọn táyà àtijọ́ lábẹ́ igi máńgòrò, níbi tí wọ́n ti ń fi jókòó. Mo fi aṣọ nu eruku ara àwọn méjèèjì, mo sì kà wọ́n. Ohun tí mo kà níbẹ̀ ló mú kí n kọ àpilẹ̀kọ yìí.

Ẹ jẹ́ ká ka àkọlé 215/60R16 bí a ṣe ń tú gbólóhùn palẹ̀ nínú kíláàsì. 215 ni fífẹ̀ táyà náà ní mìlímítà. 60 ni gíga ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe mìlímítà. Ìdá 60 nínú 100 fífẹ̀ náà ni. R dúró fún "radial", ìyẹn bí wọ́n ṣe to okùn inú táyà láti etí kan dé èkejì. 16 ni ìbú rìímù tó gbà á, íǹṣì sì ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n. Àkọlé kan ṣoṣo, òṣùwọ̀n mẹ́ta tí kò jọra: mìlímítà, ìdá nínú ọgọ́rùn-ún, àti íǹṣì. Ẹni tí kò bá sí ẹni tó ṣàlàyé fún un, báwo ni yóò ṣe mọ̀?

Lẹ́yìn èyí ni nọ́ńbà kékeré kan àti lẹ́tà kan máa ń tẹ̀ lé e. Lára táyà Camry yẹn, 95V ni. Èèyàn lè rò pé kò ṣe pàtàkì torí pé ó kéré sí èyí tó ṣáájú rẹ̀. Nọ́ńbà yẹn gan-an ló ń sọ iye ẹrù tí táyà lè gbé, lẹ́tà yẹn ló sì ń sọ eré tí kò gbọdọ̀ sá kọjá. 95 kì í ṣe 95 kílò o. Àmì ni, ó ní ohun tó dúró fún nínú àtẹ tí àwọn tó ń ṣe táyà káàkiri ayé jọ ń lò: 95 jẹ́ 690 kílò fún táyà kan.

Mo wá yíjú sí táyà àtijọ́ tó wà lábẹ́ igi máńgòrò. Ohun tó wà lẹ́yìn 195R14C ni 106/104. Nínú àtẹ kan náà, 106 jẹ́ 950 kílò, 104 sì jẹ́ 900 kílò. Nọ́ńbà àkọ́kọ́ wà fún ọkọ̀ tó ní táyà kan lápá kọ̀ọ̀kan, èkejì wà fún èyí tó ní méjì-méjì lápá kan bíi ti àwọn bọ́ọ̀sì akẹ́rù kan. Lẹ́tà C tí wọ́n ní ó jẹ́ Ṣáínà ńkọ́? "Commercial" ni, ìyẹn ni pé ọkọ̀ tó ń fi ẹrù ṣòwò ni wọ́n dìídì ṣe táyà náà fún. Ara rẹ̀ nípọn, ó sì lè gba afẹ́fẹ́ tó tó 65 psi láti fi ru ẹrù. Táyà Camry kì í ṣe bẹ́ẹ̀; nǹkan bí 36 psi ló ti máa ń gbé gbogbo ẹrù tó lè gbé, afẹ́fẹ́ tó bá sì lé sí i lẹ́yìn ìyẹn kò fi kílò kan kún 690 yẹn.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò rẹ̀. Ká ní ẹsẹ̀ ẹ̀yìn méjèèjì ń ru 550 kílò nígbà tí ọkọ̀ ṣófo, ká sì ní a kó iṣu tọ́ọ̀nù kan sí i, ìyẹn 1,000 kílò. Ẹ̀yìn ni ibi ìkẹ́rù píkọ́ọ̀pù wà, nítorí náà ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ni yóò ru èyí tó pọ̀ jù nínú ẹrù náà. Àpapọ̀ rẹ̀ lè tó 1,500 kílò. Táyà C méjì lè gbé 1,900 kílò, ó ṣì ṣẹ́ kù. Táyà Camry méjì kò lè gbé ju 1,380 lọ. Nílẹ̀ Amẹ́ríkà, òfin tún sọ pé bí wọ́n bá gbé táyà ọkọ̀ kékeré sórí ọkọ̀ ẹrù, kí wọ́n pín agbára rẹ̀ sí 1.10, torí pé ìyà tí ọkọ̀ ẹrù fi ń jẹ táyà ju ti ọkọ̀ ilé lọ. Ìyẹn yóò sọ 690 di 627. Táyà tó fẹ̀ jù, tó sì dán jù, òun ni kò lágbára. Èyí tó rí tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n ń fi jókòó lábẹ́ igi, òun ni akin.

Ìdí nìyí tí mo fi ní ojú kò tó láti yan táyà. Gíga táyà méjèèjì yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Bí ẹ bá gbé wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ọ̀pọ̀ nínú yín ni yóò nawọ́ sí ti Camry, èmi náà ì bá nawọ́ sí i.

Àwọn kan bi mí pé kí ló dé tí táyà náà kò fi bẹ́ lójú ọ̀nà oko, níbi tí gbogbo kòtò wà, tó jẹ́ orí títì tó dára ló ti lọ bẹ́. Ìbéèrè tó mọ́gbọ́n dání ni. Ooru ló ń pa táyà. Bí ẹrù bá ju agbára táyà lọ, tàbí tí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ kò tó, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ yóò máa tẹ̀, yóò máa nà, bí ó ṣe ń yí. Ìtẹ̀sínà yìí ló ń dá ooru sílẹ̀ nínú rọ́bà. Lójú ọ̀nà oko, eré tí à ń sá kò pọ̀, ooru náà ń ráyè jáde. Ṣùgbọ́n ọ̀nà Mọníyà sí Ìṣẹ́yìn, kìlómítà 65 tí ìjọba Gómìnà Ṣèyí Mákindé tún ṣe, ti yí bí a ṣe ń wakọ̀ padà ní Òkè-Ògùn. Ibi tí à ń rọra lọ tẹ́lẹ̀, a ti ń sáré níbẹ̀. Ọpẹ́ ni fún ọ̀nà tó dára, àmọ́ ọ̀nà tó dára a máa dán táyà tí kò dára wò. Ẹ fi oòrùn ẹ̀ẹ̀rùn kún un, àṣírí yóò tú.

Kì í ṣe Òkè-Ògùn nìkan ni irú èyí ti ṣẹlẹ̀. Ní oṣù Ògún ọdún 2000, ilé iṣẹ́ Firestone ní Amẹ́ríkà kéde pé kí wọ́n dá táyà mílíọ̀nù 6.5 padà, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn sì wà lára ọkọ̀ Ford Explorer. Ojú táyà ń ṣí kúrò lára rẹ̀ lórí eré, ọkọ̀ sì ń gbókìtì. Ó lé ní 200 èèyàn tó kú. Nígbà tí ilé iṣẹ́ méjèèjì ń di ẹ̀bi ru ara wọn, afẹ́fẹ́ wà lára ohun tí wọ́n jà lé lórí: Ford ti sọ fún àwọn oníbàárà pé kí wọ́n máa fún táyà náà ní 26 psi, Firestone ní 30 ló yẹ. Nọ́ńbà méjì péré ni o. Nílé wa níhìn-ín, táyà tó bẹ́ lórí eré wà lára ohun tí àjọ FRSC sọ pé ó fa ìjàǹbá tó pa James Ocholi, mínísítà kejì fún ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́, pẹ̀lú ìyàwó àti ọmọ rẹ̀, lójú ọ̀nà Kàdúná sí Àbújá ní oṣù Ẹrẹ́nà ọdún 2016. Bí ó bá lè ṣẹlẹ̀ sí mínísítà, ta ni aláṣu?

Rìímù náà ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Àwọn èèyàn wa gbà pé bí ihò bá ti bá ihò mu, ó parí. Òótọ́ ni pé ihò rìímù Camry àti ti irú Hilux yẹn jọra: márùn-ún ni, òbírí tí wọ́n tò wọ́n lé sì jẹ́ 114.3 mìlímítà. Ṣùgbọ́n ihò kọ́ ni gbogbo rẹ̀. Ẹ wo ẹ̀yìn rìímù alumíníọ̀mù dáadáa, ẹ ó rí lẹ́tà ET pẹ̀lú nọ́ńbà kan. Èdè Jámánì ni, "Einpresstiefe" ni wọ́n gé kúrú. Ó ń sọ bí ojú ibi tí rìímù ti fara kan ọkọ̀ ṣe jìnnà tó sí àárín gbùngbùn rìímù náà, ní mìlímítà. Bí nọ́ńbà yìí bá kéré ju ti rìímù tó bá ọkọ̀ wá, ẹsẹ̀ ọkọ̀ yóò yọ síta. Yóò dùn ún wò, ṣùgbọ́n bíárìn ni yóò máa sunkún. Bí ó bá pọ̀ jù, ẹsẹ̀ yóò wọlé, táyà lè máa ha ṣọ́ọ̀kì. Nọ́ọ̀tì pàápàá yàtọ̀: orí àwọn kan rí ṣóńṣó, ìdí àwọn mìíràn tẹ́ pẹrẹsẹ, èyí tó bá rìímù irin mu kì í fìgbà gbogbo bá ti alumíníọ̀mù mu. Rìímù tí wọ́n ṣe fún ọkọ̀ tó ń gbé èèyàn márùn-ún lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, wọn kò ṣírò iṣu mọ́ ọn.

Àwọn tó ní Hilux ìgbàlódé, onínọ́ọ̀tì mẹ́fà, ní ìdánwò tiwọn. Púpọ̀ nínú ọkọ̀ wọ̀nyí ló ń gbé 265/65R17 wá, tí nọ́ńbà ẹrù rẹ̀ jẹ́ 112, ìyẹn 1,120 kílò. Àwọn ọ̀dọ́ kan a ní àwọn fẹ́ kí ó ga, wọn a gbé 285/70R17 sí i. Ẹ bá mi ṣírò gíga rẹ̀: ti àkọ́kọ́ jẹ́ nǹkan bí 776 mìlímítà, ti èkejì jẹ́ 831. Ó fi ìdá 7 nínú 100 ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Nígbà tí aago eré bá ń sọ pé 100 lẹ wà, 107 lẹ wà. Ẹ́ńjìnnì yóò máa làágùn láti yí i, bíréèkì yóò máa làágùn láti dá a dúró. Àwọn mìíràn ní rìímù ńlá ló wu àwọn, wọn a gbé 265/50R20 sí i. Gíga kò yí padà, ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ táyà tó jẹ́ 172 mìlímítà tẹ́lẹ̀ ti di 132. Ẹ̀gbẹ́ yẹn ni ìrọ̀rí tó wà láàárín rìímù àti kòtò. Ẹni tó bá mọ àwọn ọ̀nà oko wa lásìkò òjò kò ní ta ìrọ̀rí rẹ̀ ra dídán.

Ó ku ọjọ́ orí. Wá ibi tí wọ́n kọ DOT sí lára táyà, kí o tẹ̀ lé e títí dé nọ́ńbà mẹ́rin tó kẹ́yìn. Bí ó bá jẹ́ 2319, ọ̀sẹ̀ 23 ọdún 2019 ni wọ́n ṣe é. Ilé iṣẹ́ Michelin fúnra wọn sọ pé táyà tó bá ti pé ọdún 10, kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀, ì báà ṣì dà bí tuntun. Rọ́bà a máa darúgbó láìṣiṣẹ́. Táyà tó bẹ́ lára ọkọ̀ ẹ̀gbọ́n mi, 0812 ló wà lára rẹ̀. Ọdún 2012. Ó ti lé ní ọdún mẹ́wàá kí wọ́n tó rà á.

Ibí ni ọ̀rọ̀ ti kan àwa tí à ń kọ́ èdè. Ẹ gbé "tòkunbọ̀" yẹ̀ wò. Ti, òkun, bọ̀: ìpàrójẹ ló so wọ́n pọ̀. Orúkọ ọmọ tí wọ́n bí sókè òkun ni, orúkọ ayọ̀ ni. Ọmọ Tòkunbọ̀ jẹ́ ọmọ tuntun nínú ilé. Nígbà tí a gbé orúkọ yẹn fún táyà tí ẹlòmíràn ti lò gbó, a gbé ayọ̀ náà lé e lórí, a sì fi bo ọjọ́ orí rẹ̀ mọ́lẹ̀. Kò sẹ́ni tó máa sọ pé òun fẹ́ ra "àlòkù táyà ọlọ́dún mẹ́wàá". Tòkunbọ̀ la máa ń sọ. Ní ti òfin, táyà àlòkù fún irú ọkọ̀ wọ̀nyí wà lára ohun tí iléeṣẹ́ aṣọ́bodè Nàìjíríà sọ pé kò gbọdọ̀ wọlé. Orúkọ tó dùn náà wà lára ohun tó jẹ́ kí ọjà rẹ̀ máa yá ní gbangba.

Mo mọ ohun tí àwọn kan yóò fi dá mi lóhùn. Wọn yóò ní ipò òṣì ló ń jẹ́ kí èèyàn ra tòkunbọ̀, kì í ṣe àìmọ̀ọ́kà. Òótọ́ ńlá wà nínú rẹ̀. Kí ọdún 2010 tó dé, Michelin tó wà ní Port Harcourt àti Dunlop tó wà ní Ìkẹjà ti dáwọ́ táyà ṣíṣe dúró ní orílẹ̀-èdè yìí, owó ilẹ̀ òkèèrè la fi ń ra táyà tuntun láti ìgbà náà. Mi ò ní fi ẹnikẹ́ni tí owó rẹ̀ kò tó ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣùgbọ́n owó kọ́ ló ṣe ti ẹ̀gbọ́n mi. Owó tí wọ́n kó lé rìímù alumíníọ̀mù àti táyà mẹ́rin yẹn ì bá ra táyà C tuntun méjì fún ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, yóò sì ṣẹ́ kù. Lẹ́tà kan tí ẹnì kan ṣì kà, tí ẹlòmíràn kò lè já ní irọ́, ló ná wọn lówó, tó sì ná ọmọ ọlọ́mọ ní ọwọ́.

Àwọn mìíràn yóò ní àwọn fọ́kanáísà wa mọ iṣẹ́ wọn, wọn kò nílò ìwé. Mo bọ̀wọ̀ fún wọn. Fọ́kanáísà tó wà lẹ́bàá ọ̀nà ní Kòmu lè fi ẹsẹ̀ gbá táyà kó sì sọ iye afẹ́fẹ́ inú rẹ̀, kí ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà á. Ṣùgbọ́n ìrírí kò lè sọ fún ẹnikẹ́ni pé 95 jẹ́ 690 kílò. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ sọ fún un ni. Bí mo ṣe sọ fún ọ̀gá náà lọ́jọ́ yẹn, ó dákẹ́, ó ní, "Àbúrò, láti ọdún tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí, ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ bá mi ka ibí yìí." Ó ní kí n fi ṣọ́ọ̀kì kọ ọ́ sára ògiri ṣọ́ọ̀bù òun. Mo kọ ọ́.

Àwọn tó kù yóò ní ọ̀pọ̀ awakọ̀ wa kò kàwé. Ṣé nọ́ńbà ni wọn kò lè kà? Ìyá tó ń ta ẹ̀gẹ́ lọ́jà Kòmu ń tẹ nọ́ńbà fóònù oní-11, ó ń ka iye owó tó wọ àkáǹtì rẹ̀. Nọ́ńbà kì í ṣe ìṣòro wa. Àlàyé ló ṣọ̀wọ́n, àlàyé ní èdè tí wọ́n ń sọ.

Ẹ̀ka ẹ̀kọ́ wa sì lè ṣe àlàyé. A ní ìwé Èdè Ìperí Yorùbá. Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olótùú apá kìíní ní ọdún 1984, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọládélé Awóbùlúyì ṣe ti apá kejì ní 1990. Iṣẹ́ ribiribi ni, òun ló jẹ́ ká lè fi Yorùbá sọ̀rọ̀ nípa àrànmọ́ àti ìpàrójẹ láìkólòlò. Àmọ́ a kò ní ìperí fún ohun tó wà lára táyà tí àwọn òbí wa ń gùn bọ̀ láti oko. Mo dábàá díẹ̀ níhìn-ín, kí ẹ bá mi tún un ṣe. Ká pe 95 tàbí 106 ní "nọ́ńbà ẹrù". Ká pe lẹ́tà tó tẹ̀ lé e ní "lẹ́tà eré". Ká pe nọ́ńbà mẹ́rin ìdí DOT ní "ọjọ́ orí táyà". Ká pe ET ní "ìwọlé rìímù". Kí lẹ́tà C máa jẹ́ "táyà akẹ́rù". Mi ò yan ọ̀rọ̀ ńláńlá, torí pé ẹni tí a fẹ́ kó lò ó ń dúró nínú oòrùn pẹ̀lú owó lọ́wọ́, ẹni tó ń tajà fún un sì ń kán an lójú.

Ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi, ìwé kan ṣoṣo ni mo ń bẹ̀ wá fún: ojú ewé kan, ní Yorùbá, tí a lè lẹ̀ mọ́ ògiri ṣọ́ọ̀bù fọ́kanáísà ní ìlú kọ̀ọ̀kan tí a ti wá. Ìlà márùn-ún ti tó. Wo ìwé ọkọ̀ tàbí etí ilẹ̀kùn awakọ̀ fún táyà tó yẹ ọkọ̀ rẹ. Má ra táyà tí nọ́ńbà ẹrù rẹ̀ kéré sí ti inú ìwé yẹn. Wo ọjọ́ orí rẹ̀ kí o tó bèèrè owó. Bí o bá fẹ́ pààrọ̀ rìímù, bèèrè ET àti irú nọ́ọ̀tì tó gbà, má wo ihò nìkan. Fi géèjì wọn afẹ́fẹ́ kí o tó kó ẹrù, má fi ẹsẹ̀ wọ̀n ọ́n. Àwa tá a wá láti Òkè-Ògùn nínú ẹ̀ka yìí kò kéré. Bí ẹnì kọ̀ọ̀kan bá mú mẹ́wàá lọ sílé nígbà ìsinmi, yóò dé Ṣakí, yóò dé Ìṣẹ́yìn, yóò dé Òtu.

Ẹ̀gbọ́n mi ti tún Hilux náà ṣe. Rìímù irin dúdú ló padà sí ẹsẹ̀ rẹ̀, táyà C ló sì wà lórí wọn. Kò dán, àwọn ọmọdé kò tẹ̀ lé e mọ́. Ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ ra táyà náà, wọ́n pè mí lórí fóònù láti ibi ìtajà, wọ́n ń ka nọ́ńbà fún mi lọ́kọ̀ọ̀kan, mo sì ń sọ ìtumọ̀ rẹ̀. Nígbà tí wọ́n kà á dé ìdí DOT, wọ́n ní, "Dúró ná, èyí ti mo mọ̀ ọ́n." Wọ́n sì ṣírò ọdún rẹ̀ fúnra wọn.